Àwẹ̀ró Ẹlẹ́sẹ̀ Gbàgàdà àti Odàn Tí Kò Dáhùn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn yẹn, ẹ ti ń sùn ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹn-ẹ́n. Ààlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó rìn títí, ó dá lórí Àwẹ̀ró ẹlẹ́sẹ̀ gbàgàdà, ó dá lórí ìyá rẹ̀, ó sì dá lórí odàn tó fẹ̀ lọ rẹrẹ.

Ní abúlé kan, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ó lẹ́wà, ọwọ́ rẹ̀ yá níṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Irú ẹ̀rín yẹn náà ló dá ọ̀ràn yìí sílẹ̀. Bó bá ń bọ̀ lọ́nà, gbàgà, gbàgà, gbàgà, àwọn ọmọdé a máa tẹ̀lé e: "Gbàgà ń lọ! Gbàgà ń bọ̀!" Àwọn àgbà a ní ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ọpọ́n. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Ojú ìyá yìí ti ṣókùnkùn, ìró ẹsẹ̀ ló fi ń dá ènìyàn mọ̀. Bó bá ti gbọ́ gbàgà, gbàgà lókèèrè, a ní, "Ọmọ mi ti dé," a sì gbé oúnjẹ kalẹ̀.

Ní abúlé náà, bí ọmọ bá ti tó dá oko tirẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi wọn ilẹ̀. Yóò máa fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀, yóò máa lé orin, ará abúlé yóò máa gbè é. Ibi tí orin bá ti tán, ibẹ̀ ni wọn yóò ri èèkàn mọ́. Ó di ọjọ́ tí Àwẹ̀ró wọn tirẹ̀. Ẹ bá mi gbè é o:

Ẹsẹ̀ mi ń wọnlẹ̀ o,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Ilẹ̀ baba mi ni o,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Bí mo bá pè, ẹ dáhùn o,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*

Kò tíì rìn jìnnà tí ẹnì kan fi kígbe pé, "Yéè! Ẹsẹ̀ yìí á gba oko gbogbo wa tán!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, kè-kè-kè! Ègbè dá. Inú bí Àwẹ̀ró. Ó gbé èèkàn rẹ̀ lé èjìká, ó ń lé orin, ó tún ń gbè é fúnra rẹ̀, ó ń lọ.

Wọ́n ní, "Baálẹ̀, ẹ dá a dúró!"

Baálẹ̀ ní, "Orin rẹ̀ ò tíì tán. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá a dúró?"

Ìyá rẹ̀ ké pé, "Àwẹ̀ró, ó tó o!" Kò bojú wẹ̀yìn. Ó kọjá oko, ó kọjá igbó, ó bọ́ sórí odàn. Ibi tí ohùn rẹ̀ ti há, ibẹ̀ ló ri èèkàn mọ́, gbì! Ó ní, "Níbí, kò sẹ́ni tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Lóòótọ́, kò sẹ́nì kankan. Ó dáko síbẹ̀, iṣu ta, àgbàdo gbó. Ó se iṣu, òun nìkan jẹ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, òun nìkan gbọ́ ọ. Afẹ́fẹ́ ń ṣe fùú, fùú nínú koríko.

Ó rí èèrà, ó ní, "Èèrà, jọ̀ọ́, ṣé ẹsẹ̀ mi tóbi?"

Èèrà ní, "Ẹsẹ̀ kẹ̀? Àtàárọ̀ ni mo ti ń gun òkè yìí, mi ò tíì dé orí ẹ̀." Èèrà bá tirẹ̀ lọ.

Ó rí àṣá lójú ọ̀run, ó ní, "Àṣá, jọ̀ọ́, ṣé ẹsẹ̀ mi tóbi?"

Àṣá ní, "Ẹsẹ̀ wo? Ìwọ gan-an ni mi ò rí dáadáa. Mo ṣe bí hóró àgbàdo ló já bọ́." Àṣá bá tirẹ̀ lọ.

Àwẹ̀ró wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo odàn. Ẹsẹ̀ tó kún ojú ọ̀nà nílé, kò tó nǹkan kan níbí. Ó dá wà débi pé ó ń wù ú kí ẹnì kan tiẹ̀ pè é ní Gbàgà.

Ó rí lékeléke tó ń ti ọ̀nà ilé bọ̀, ó ní, "Lékeléke, jọ̀ọ́, ṣé ẹsẹ̀ mi tóbi?"

Lékeléke ní, "Èmi ò mọ̀. Àmọ́ ìyá arúgbó kan wà lábúlé tó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kọjá, á ní, 'Kì í ṣe òun. Ẹsẹ̀ yìí kéré.' Kì í fọwọ́ kan oúnjẹ náà. Ó ti rù kan egungun."

Àwẹ̀ró kọjú sí ọ̀nà ilé, ó lé orin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má gbè é o. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ mi ń wálé o,
…
Ilẹ̀ yìí mà fẹ̀ o,
…

Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe rí? Bẹ́ẹ̀ ló rí létí rẹ̀.

Ó gbéra. Gbàgà, gbàgà, gbàgà. Ó dé inú igbó, ó lé orin, kò sí ègbè. Ó dé etí oko, ó lé orin, kò sí ègbè. Mo ní kẹ́ ẹ pa ẹnu mọ́! Ẹ̀rù ti ń bà á pé bóyá ìyá òun ti kú. Ó dé ẹ̀yìnkùlé, ó tún lé e:

Ẹsẹ̀ mi ń wálé o,

Ohùn tín-ín-rín kan dáhùn nínú ilé:

*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*

Àwẹ̀ró wọlé, ó kúnlẹ̀, ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Ìyá mi, ẹ ṣì rántí ègbè náà?"

Ìyá ní, "Rántí bíi ti báwo? Ojoojúmọ́ ni mò ń gbè é. Odàn yẹn ló fẹ̀ jù, ọmọ mi. Ohùn mi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ." Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, àwọn méjèèjì jẹ ẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró wọn oko mìíràn. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbè é. Ibi tí Àwẹ̀ró ò ti gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa mọ́, ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó ri èèkàn. Oko náà kéré. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èèkàn àkọ́kọ́ ṣì wà lórí odàn lọ́hùn-ún, àṣá ló máa ń bà lé e.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé ká má fi ara ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, torí ẹ̀rín wa lè lé e lọ síbi tí ohùn wa ò ní dé mọ́. Ó sì kọ́ wa pé bó ti wù kí ilẹ̀ kan fẹ̀ tó, bí a ò bá rẹ́ni gbe orin wa níbẹ̀, kò tíì di ilé. Bí mo bá parọ́ níbẹ̀, kí n lé orin kẹ́ ẹ má gbè é.

Ẹ jẹ́ ká wò ó:

Ẹsẹ̀ mi ń relé o,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*