Ẹrú Tó Sáré Ṣíwájú Ọba
Ọba kan jẹ ní Róòmù láyé àtijọ́, tó máa ń ṣe ọdún orin àti eré ìje fún ìlú, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń bá wọn díje. Lọ́dún kan, ó pe Dífílù, ẹrú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù lọ, ó ní: "Wàá bá mi sáré lọ́la. Bí o bá sá mí sílẹ̀, o tàbùkù ọba, ikú ni. Bí o bá mọ̀ọ́mọ̀ rọra sáré, o fi ọdún mi ṣe yẹ̀yẹ́, ikú náà ni." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ ogun méjì fa idà yọ, wọ́n dúró níbi òpin eré. Èrò ìwòran jókòó yí pápá ká. Bí wọ́n ti fun kàkàkí, ó ki eré mọ́lẹ̀, ó fi ọba sílẹ̀ jìnnà, ó sì ń ké tantan bó ti ń lọ pé: "Ẹ yàgò lọ́nà! Ọba ń bọ̀! Ẹ dìde fún ọba!" Ni gbogbo èrò bá dìde. Ó dé òpin, ó dọ̀bálẹ̀ sáàárín idà méjèèjì. Ọba dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní: "O sá mí sílẹ̀!" Dífílù ní: "Kábíyèsí, ta ló ń dé ṣáájú ọba, bí kò ṣe ìránṣẹ́ tó ń kéde rẹ̀?" Ọba wo gbogbo èrò tó wà lórí ìdúró, ó sì ní kí wọ́n dá idà padà sínú àkọ̀.