Ibi Tí Iná Gbé Fò Kọjá

"Ààlọ́ o!" ni Ìyá Àgbà pè ní ojúde ilé.

"Ààlọ̀!" ni àwa ọmọ dá a lóhùn.

"Ààlọ́ mi dá lórí àgbẹ̀ kan àti òyà kan. Ní ìgbà kan rí, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Akínbámi. Gbogbo èèbù iṣu tí ó fẹ́ gbìn lọ́dún tí ń bọ̀ wà nínú abà kan ní oko rẹ̀. Òyà sì bí àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ abà náà."

"Akínbámi kò sì pa wọ́n jẹ?" ni Fadékẹ́mi, ọ̀kan nínú wa, bèèrè.

"Kò pa wọ́n. Àdéhùn wà láàárín òun àti Òyà: bí ọyẹ́ bá dé, wọn yóò jọ ro etí abà yíká, kí iná ìgbẹ́ má baà rí koríko tẹ̀ wọlé. Òyà yóò fi eyín gé, Akínbámi yóò fi ọkọ́ ro.

"Ọyẹ́ dé. Wọ́n ro ó yíká, ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ. Akínbámi gbé ọkọ́ kọ́ èjìká.

"'Baba, ẹ jẹ́ kí a fẹ̀ ẹ́ sí i,' ni Òyà wí.

"'Ìyá eléyín gígùn, kí ló kù tí o fẹ́ gé? Irun orí mi?'

"'Àwọn ọmọ mi ò tíì lè sáré, Baba.'

"'Lọ sùn, jàre. Ṣé iná lẹ́sẹ̀ ni?'

"Òyà ń gé e lọ lóun nìkan, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é, kí ẹ máa dáhùn pé, 'Ó kù díẹ̀':

Akínbámi, padà wá ro ó."

"Ó kù díẹ̀."

"Èéfín ń bọ̀ lókè odò."

"Ó kù díẹ̀."

"Akínbámi gbọ́ orin náà lórí ẹní. Ó ní ilẹ̀ ọ̀la yóò mọ́.

"Ilẹ̀ mọ́, iná sì dé. Ó dé etí ibi tí wọ́n ro, ó dúró. Akínbámi rẹ́rìn-ín. Ni atẹ́gùn bá gbé ewé gbígbẹ kan tí ń jó, ó gbé e kọjá, ó sọ ọ́ sórí òrùlé abà."

Fadékẹ́mi sún mọ́ Ìyá Àgbà.

"Gbogbo èèbù jóná. Òyà fi ẹnu gbé ọmọ kan jáde. Kò lè padà wọlé mọ́.

"Nígbà tí iná kú, ibi tí wọ́n ro ṣì wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní, eérú níhìn-ín, eérú lọ́hùn-ún.

"'Iṣẹ́ yín dára, Baba,' ni Òyà wí. 'Ó kàn kéré ni.'"

"Bí wọ́n bá ti fẹ̀ ẹ́ sí i ńkọ́, Ìyá Àgbà?"

Ìyá Àgbà mi orí. "N kò mọ̀, ọmọ mi. Atẹ́gùn ọjọ́ náà le. Òyà pàápàá kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń gé koríko ju èyí tí ó ń jẹ lọ títí di òní. Ó ṣì ń fẹ̀ ẹ́ sí i.

"Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí kò tó láti gba nǹkan là, òógùn rẹ̀ nìkan ló kù fún ẹni tó ṣe é.

"Ibí ni mo gbé àlọ́ mi kalẹ̀ sí. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ahọ́n mi wúwo. Bí mo bá sì bù kù nínú rẹ̀, ẹ foríjì mí."