Oúnjẹ Ilẹ̀ Tí Láńpejú Dáná Sun

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fún mi ní etí yín, kí ẹ sì fà á súnmọ́ ẹnu mi, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ilẹ̀ sì ni gbogbo wa ń tẹ̀. Láńpejú ẹ̀gbọ́n mi gé gbogbo igi ayùnrẹ́ inú oko bàbá wa, ó gbin igi tíìkì dípò wọn. Ojoojúmọ́ ló ń gbá abẹ́ igi náà bí ẹni ń gbá àgbàlá, tó ń dáná sun ewé, torí ọ̀lẹ là ń pe ẹni tí oko rẹ̀ dọ̀tí. Nígbà tí iṣu àárín igi kò tóbi ju ìka ẹsẹ̀ lọ, ó dúró lójú ọjà, ó ní Mojísọ́lá, aya àbúrò wa tó ti kú, tí òun àti Láńpejú jọ ń dá oko náà, ló fi ilẹ̀ gégùn-ún. Ó lé e padà sílé bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí èmi ọdẹ mú òun wọ Igbó Àìrojú, kí a wá ẹni tí yóò tú èpè náà.

A kò tí ì rìn jìnnà tí a fi pàdé iwin kan tí ẹnu rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀, tó ń tọ́ ilẹ̀ wò bí ó ti ń rìn, bí aya ilé ti í tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹrẹ̀ oko tó gan mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì tu itọ́.

“Ta ló ń febi pa ilẹ̀ yìí?”

“Bàbá, èpè ni.”

“Èpè bàbá ta? Ìwọ agbálẹ̀ inú igbó! Ewé rẹ dà?”

“Mo sun ún, bàbá. Oko mi mọ́ tónítóní.”

“Bẹ́ẹ̀ ni ikùn rẹ̀ náà mọ́ tónítóní!”

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bí iwin náà ti là á yé wa. Gbogbo igi ló ń fa oúnjẹ láti inú ilẹ̀. Ewé tó bọ́ ló ń dá a padà. Ewé igi mẹ́línà kì í pẹ́ jẹrà. Ewé tíìkì fẹ̀, ó le, ó máa ń pẹ́, síbẹ̀ ilẹ̀ á rí i jẹ níkẹyìn. Ti ayùnrẹ́ tún yàtọ̀: kókó wẹ́wẹ́ ara gbòǹgbò rẹ̀ ń gba oúnjẹ láti inú afẹ́fẹ́ fún ilẹ̀. Ṣé ó yé yín? Ẹ̀gbọ́n mi gé èyí tó ń bọ́ ilẹ̀, ó tún sun oúnjẹ èyí tó kù.

Láńpejú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Mo ti lé Mojísọ́lá,” ló wí.

“Èmi kò mọ oògùn ìyẹn,” ni iwin náà dáhùn. “Ilẹ̀ ni mo ń tọ́ wò.”

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Bí a ti jáde nínú igbó, ilé bàbá Mojísọ́lá la gbà lọ, ẹ̀gbọ́n mi sì dọ̀bálẹ̀ fún aya àbúrò rẹ̀ nínú yàrá.

“Aya mi, ọwọ́ mi ló ba ilẹ̀ jẹ́.”

“Ọkọ mi, ẹ dìde. Ojú ọjà lẹ ti pè mí ní ìkà. Ṣé inú yàrá lẹ ó ti tún un ṣe?”

Láńpejú lọ sí ọjà. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ọwọ́ òun ló ba ilẹ̀ jẹ́, kì í ṣe Mojísọ́lá, àwọn obìnrin sì ń wò ó. Mojísọ́lá padà sí oko, òun ló sì gbin ayùnrẹ́ tuntun sáàárín tíìkì. Ṣùgbọ́n títí di òní, kò fẹnu kan oúnjẹ Láńpejú.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ewé tó bá bọ́, ẹ jẹ́ kó jẹrà síbi tó bọ́ sí. Ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn tí ẹ bá gbá dànù, kò sí ewé igi tó lè dá a padà.