Àyè Málọmọ́ Nínú Agbo Onígbá

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi kò jìnnà, ẹ̀yìn ọ̀gán ló wà. Ó ró pó lórí igbá, ó ró kó lẹ́yìn Ìjàpá ọkọ Yánníbo. Ẹ̀yin ọmọ, ta nínú yín ló ti kan ìjàpá lẹ́yìn rí? Ṣé ó dá yín lóhùn? Kò lè dá yín lóhùn. Ẹ sún mọ́ mi kí ẹ gbọ́ ohun tó fà á. Ẹni tó bá ń wá àlọ́ ẹ̀rín, kó lọ sùn nísinsìnyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjàpá kò ní ṣàì pa yín lẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ìyá Etu ni olùkọ́ àwọn ọmọ ẹranko nígbà náà. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí láyé, iná sì jó o. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti mú koríko gbẹ tán, àwọn ọdẹ a máa tiná bọ igbó. Èéfín á bo gbogbo ojú, ọmọ kálukú á máa sá síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé e lọ. Ọ̀kan á sá wọ inú iná, òmíràn á sá bọ́ sẹ́nu ajá ọdẹ. Odò wà nítòsí, ṣùgbọ́n ta ló ń rí odò nínú èéfín? Bí ọmọ Ìyá Etu ṣe lọ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́ láyé: kí iná ọdún tó ń bọ̀ má tún mú ọmọ ẹnì kankan.

Ó wá dá eré kan sílẹ̀. Ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní igbá kan àti ọ̀pá kékeré kan. Wọ́n á jókòó yíká, kálukú á dojú igbá tirẹ̀ délẹ̀. Ìyá Etu á lu tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ á lu tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á kan ẹni tó tẹ̀ lé e, títí ìlù á fi yí ká padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni o. Ẹni tí kò bá fetí sí ẹnìkejì rẹ̀ kò lè mọ ìgbà tó kan òun. Bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n ní ìjókòó, wọ́n á dìde, wọ́n á gbé igbá há abíyá, wọ́n á dijú, wọ́n á máa tẹ̀ lé ìró ara wọn lọ sódò. Orin tí wọ́n ń kọ sí i rèé, ẹ bá mi gbè é:

Lù ú kí n gbọ́ o. — Pó.
Dákẹ́ kí n lù ú o. — Pó.
Ta ló kù lẹ́yìn o? — Pó.
Kò sẹ́ni tó kù lẹ́yìn o. — Pó.

Ó dùn, àbí? Àwọn ọmọ ẹranko kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ehoro ń lu igbá kó tó kàn án, ọmọ Òkété ń tòògbé. Ìyá Etu lọ bá àwọn òbí, ó ní ọyẹ́ kò ní pẹ́ dé mọ́, kí wọ́n gba òun nímọ̀ràn. Ìjàpá ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní ebi ló ń la etí ọmọ. Kí wọ́n máa gbé iṣu sísun àti epo wá lójoojúmọ́. Bí ìlù bá yí ká láì já, kí àwọn ọmọ jẹ ẹ́; bó bá já, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.

Ọ̀yà béèrè pé iṣu tí wọn kò bá jẹ ńkọ́, ṣé kí oníṣu gbé e padà sílé ni?

“Oúnjẹ tó bá torí ọmọ jáde kì í padà sínú ìkòkò,” Ìjàpá dá a lóhùn. “Àbí ẹ ti gbàgbé ni? Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ máa bá yín kó o dànù.”

Wọ́n ní ta ni yóò wá máa gbálẹ̀. Ó ní ọmọ tòun náà wà níbẹ̀, òun á máa gbá a lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an.

Lọ́jọ́ tí iṣu kọ́kọ́ dé, etí àwọn ọmọ là lóòótọ́. Ìlù yí, ó yí, ó kù díẹ̀ kó padà sọ́dọ̀ Ìyá Etu, ni nǹkan bá ró láàárín: kó. Ìlù já. Ọmọ Ehoro ní ọmọ Òkété ni, ọmọ Òkété ní ọmọ Ehoro ni, wọ́n sì ń fi igbá na ara wọn lórí. Kí wọ́n tó là wọ́n tán, Ìjàpá ti kó iṣu dànù sínú ikùn ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀gán tó wà létí agbo ló ń sá pamọ́ sí. Bí ìlù bá ti fẹ́ yí ká, á fi òkúta kan ìkarahun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó, á wá ṣe bí ẹni tó ń gbálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é lójoojúmọ́ títí ọyẹ́ fi dé.

Ìjàpá ń sanra, àwọn ọmọ ń rù. Ìyá Etu ń wo koríko tó ń gbẹ, ó ń sunkún níbi tí wọn kò ti lè rí i. Nígbà tó yá, ó fiyè sí i pé ìró náà kò jọ ti igbá. Ó sọ fún àwọn ọmọ pé ìró tí kò bá ti inú agbo wọn wá, kí wọ́n má dá a lóhùn, kí wọ́n má sì tẹ̀ lé e, ẹni yòówù kó máa lù ú. Ni ọmọ Ehoro bá ní ìró ìkarahun ni, ta ló sì ní ìkarahun nínú àwọn bí kò ṣe Málọmọ́?

Ọmọ Ìjàpá ni Málọmọ́. Àwọn tí Yánníbo bí ṣáájú rẹ̀ kò dúró, ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ẹ̀gbẹ́ ọ̀gán ló máa ń jókòó sí, kò sì ṣi ìlù lù rí. Ó ní òun kọ́. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, wọn kò gbọ́ ọ.

Ìyá Etu mú un lọ bá bàbá rẹ̀. “Bàbá Málọmọ́, wọ́n ní ọmọ yín ló ń ba ìlù jẹ́. Ẹ̀yin lẹ mọ ọmọ yín. Ṣé òun ni?”

Ìjàpá wo iṣu. Ó wo ọmọ rẹ̀, tó gbá igbá mọ́ àyà, tó ń wo ẹnu bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá sọ. Ṣùgbọ́n ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo.

“Ọmọ tí kò gbọ́ràn,” ó ní, “ẹ bá mi lé e.”

Ìyá Etu lé e. Ó rò ó pé ó sàn kí ọ̀kan kúrò kí àwọn ìyókù lè là. Málọmọ́ kò sunkún, kò sì sọ fún ìyá rẹ̀ nílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé igbá rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ síbi eré, ó lọ jókòó nínú koríko ní òun nìkan.

Lọ́jọ́ náà, ìlù ń yí ká, kò sí ẹni tó ṣì í. Ìyá Etu ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò rín láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti kú. Ni ó bá ró: kó. Gbogbo agbo wo àyè Málọmọ́. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ìyá Etu dìde, ó yí sẹ́yìn ọ̀gán. Ó bá Ìjàpá pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́ àti epo ní àgbọ̀n. Ìjàpá ní òun ń yọ ẹ̀gún lẹ́yìn ni. Kí Ìyá Etu tó sọ̀rọ̀, èéfín kan imú rẹ̀. Àwọn ọdẹ ti dé.

Ó sáré padà, ó ní kí àwọn ọmọ gbé igbá kí wọ́n sì dijú. Àwọn ọmọ tí ebi ń pa, tí wọ́n ń bá ara wọn jà lójoojúmọ́, wọ́n mọ̀ ọ́n. Pó, pó, pó, ọ̀kan ń tẹ̀ lé ọ̀kan, wọ́n la èéfín já sódò, Ìjàpá sì dì mọ́ ìrù ọmọ Òkété. Àwọn ìyá wọn ti ń dúró létí odò. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ orin wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé “Ta ló kù lẹ́yìn o?” kò sẹ́ni tó lè kọ èyí tó kù. Yánníbo ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé ibo ni Málọmọ́ wà.

Ìjàpá sáré padà sínú èéfín. Ẹ gbà fún un, ó sáré. Ó ń kan ìkarahun rẹ̀ kí ọmọ lè tọ ìró bàbá rẹ̀ wá: kó, kó, kó. Ìyá Etu mọ̀ pé Málọmọ́ ń gbọ́, ó sì mọ̀ pé kò ní dáhùn, nítorí kò sí ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà ṣì mú rí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Ó ní kí àwọn ọmọ jókòó, kí wọ́n máa lu igbá, kí wọ́n sì fi àyè Málọmọ́ sílẹ̀. Bó bá gbọ́ àyè rẹ̀ tó ṣófo, á lu tirẹ̀ síbẹ̀, á sì tọ̀ wọ́n wá. Pó, pó, pó, wọ́n dákẹ́. Inú àyè náà gan-an ni Ìjàpá kan tirẹ̀ sí: kó.

“Bàbá Málọmọ́, ẹ dákẹ́,” Ìyá Etu ké sí i. “Ẹ dákẹ́ kí ọmọ lè gbọ́ wa.”

Kò dákẹ́. Ẹ̀yìn ọ̀gán ló wà ní gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́ de ẹnìkejì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi àyè ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi kó tirẹ̀ dí i. Málọmọ́ wà lábẹ́ òkúta kan, bàbá rẹ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ kọjá bọ̀, ó ń kàn án sí i létí. Ọmọ náà fa orí wọnú ìkarahun, ó dákẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Nígbà tí iná kú, wọ́n rí igbá rẹ̀ lábẹ́ òkúta náà, kò jóná. Wọ́n rí ipasẹ̀ kékeré nínú eérú. Kò wá síhà odò, igbó tí ẹnì kankan wọn kò mọ̀ ló forí lé. Málọmọ́ kò padà wá mọ́. Yánníbo ń sun iṣu dè é lójoojúmọ́, iṣu náà sì ń tutù níwájú Ìjàpá, kò lè fẹnu kàn án. Ìyá Etu ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìlù, ṣùgbọ́n kò kọ orin náà dé òpin mọ́ títí tó fi kú.

Málọmọ́ ló bí gbogbo ìjàpá tí ẹ ń rí nínú igbó, ó sì kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá kan ìjàpá lẹ́yìn, kì í dáhùn. Á fa orí wọnú, á dákẹ́.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyí. Bí mo bá parọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Pó. Pó. Ẹ má lu ẹ̀kẹta o, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún Málọmọ́.