Àwo Tí Màmá Àwẹ̀ró Ń Tọ́jú

Ní ìlú Ìlágbẹ̀dẹ, kò sí ẹni tí kò mọ Màmá Àwẹ̀ró. Ìyá náà ti dàgbà, irun orí rẹ̀ ti funfun báláú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ ọmọge lọ. Nínú ilé tó bá wà, ẹnìkan kì í bá àwo ìdọ̀tí nílẹ̀, ẹnìkan kì í sì í bá àwo tó là sílẹ̀ níta lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ìyá tó bí i ló fi pàṣán kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àfi kí ó da àwo dé, tàbí kí ó wá nǹkan bò ó, nítorí pé ọmọńlé àti ìrì kò mọ àwo olówó yàtọ̀ sí ti tálákà.

Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, Alhájì Tìámíyù tó ń ta pákó, ni Màmá ń gbé. Alhájì yìí ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rìkáyátù, ẹ̀yìn Màmá Àwẹ̀ró ni ọmọ náà sì dàgbà sí. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ti í gbélẹ̀. Bí wọ́n bá rán an ní iyọ̀, kí ata tó kúná lórí ọlọ, ó ti dé. Ẹsẹ̀ yẹn kan náà ló gbé e dé ilé ẹ̀kọ́ gíga, òun náà ló sì gbé e wọ inú ẹgbẹ́ àwọn tó ń sáré ìje fún orílẹ̀-èdè wa. Inú Màmá dùn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti fojú kan ọmọ náà gbẹ̀yìn, àárò rẹ̀ sì ń sọ ọ́ gidigidi.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Rìkáyátù yóò sáré nílùú òyìnbó, tí tẹlifíṣọ̀n yóò sì máa fi hàn bí wọ́n ṣe ń sá a lọ́wọ́, Màmá pe ọmọ rẹ̀ jókòó. Tẹlifíṣọ̀n wọn nígbà náà, bí ẹni pé òjò ń rọ̀ nínú rẹ̀ ni. Ojú Màmá náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Bí ẹnìkan bá yọ nínú àwòrán, yóò béèrè pé, "Ṣé ènìyàn nìyẹn ni, àbí igi?"

"Àjàgbé," ó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀, "mi ò bẹ̀ ọ́ ní aṣọ, mi ò sì ní kí o gbé mi lọ sí Mẹ́kà. Ojú Rìkáyátù ni mo fẹ́ rí. Kí n rí i kedere, kí n mọ̀ bóyá ó ń jẹun."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Alhájì lára. Ó lọ ra dikóódà tuntun, irú èyí tí wọ́n ní àwòrán rẹ̀ ń mọ́ gaara bí omi àfòwúrọ̀pọn. Ẹni tó wá so ó kò lè gun òrùlé nítorí páànù ilé náà ti gbó, nítorí náà ó ri irin mọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, ó sì gbé díìṣì náà ka orí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tan án lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkùnrin kan ń ka ìròyìn, Màmá sì sún mọ́ ọn.

"Ẹ sọ fún un kó lọ gé irun imú rẹ̀," ni Màmá wí. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Alhájì rí i pé owó òun kò ṣòfò.

Ó fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé. "Màmá, ẹ wo àwo yìí. Nǹkan kan wà lójú ọ̀run tó ń ju àwòrán sílẹ̀, inú àwo yìí ló ń bọ́ sí. Èmi á wà ní ìsọ̀ pákó, ìyàwó mi á wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin lẹ ó máa wà nílé. Ẹ bá mi tọ́jú àwo yìí o. Ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun bà á jẹ́."

Ẹni tó so ó pè é ní díìṣì. Alhájì, tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé ìyá rẹ̀, ló sọ ọ́ di àwo. Ẹnu rẹ̀ ló fi pe wàhálà wọlé, kò sì mọ̀. Ta ni yóò ní kí Màmá Àwẹ̀ró tọ́jú àwo, tí kò ní tọ́jú rẹ̀ dé ojú àmì?

Bí ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, Màmá yọjú sẹ́yìn ilé. Ó bá àwo náà tó là gbayawu, tó kọjú sí ọ̀run. "Háà! Àwo olówó iyebíye, ẹnìkan ò wá nǹkan dé e!" Ó gbé báàfù onírin ńlá tí wọ́n fi ń fọṣọ, ó dojú rẹ̀ kọ ojú àwo náà, ó gbé e kọ́ orí ọ̀pá tó yọ jáde lára rẹ̀, ó sì fi gèlè àtijọ́ kan so ó pinpin. Ó gbọn ọwọ́ nù, ó padà wọlé láti wá wòran.

Nínú ilé, àwòrán ti pòórá. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú kirimú, ìkọ̀wé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: Kò sí àmì.

Alhájì tẹ rìmóòtù títí. Ó fi gbá àtẹ́lẹwọ́, ó yọ bátìrì rẹ̀, ó gé e jẹ, ó dá a padà. Kò sí àmì. Wọ́n sùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá tú báàfù, ó fi omi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ àwo náà, ó fi aṣọ nù ún gbẹ. Nígbà tí ìyàwó Alhájì tan tẹlifíṣọ̀n, àwòrán ti padà, ó ń dán yanran. Alẹ́ dé, ó tún lọ.

Bí ìyà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lálaalẹ́ ni Alhájì ń pe ilé-iṣẹ́ tó ni dikóódà. Ohùn obìnrin kan á dáhùn pé bí ẹ bá fẹ́ san owó, ẹ tẹ ení. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ nípa ètò tuntun wa, ẹ tẹ èjì. Bí ẹ bá ní ẹ̀sùn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dúró. Alhájì á dúró. Orin á bẹ̀rẹ̀, orin á parí, orin kan náà á tún bẹ̀rẹ̀. Alhájì á wá máa rọ òjò èébú lé fóònù lórí.

Màmá tẹ́tí sí i lọ́jọ́ kan. "Ọmọ yìí gbẹ̀kọ́ o," ó wí. "Gbogbo bí o ṣe ń bú u, kò fèsì, kò yí ohùn padà."

"Màmá, ẹ̀rọ ni!"

"Ẹ̀rọ náà gbẹ̀kọ́ jù ọ́ lọ."

Lọ́jọ́ tí ènìyàn gidi bá gbé e, ọmọbìnrin kan tó ní sùúrù bí ìyá ìbejì ni. "Ẹ pa á, sà, kí ẹ tún un tàn."

"Mo ti pa á, mo ti tàn án, ìka mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó!"

"Ẹ yọ káàdì inú rẹ̀, sà, kí ẹ fi aṣọ nù ún."

"Mo ti nù ún títí tí orúkọ ara rẹ̀ fi parẹ́."

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òjò, sà. Òjò máa ń dí i lọ́wọ́."

"Òjò wo? Nínú ọyẹ́ yìí? Ètè mi ti là, ẹ ń bá mi sọ̀rọ̀ òjò!"

"Ẹ má bínú, sà. Ṣé kò sí ìdọ̀tí lójú àwo yín?"

Alhájì yíjú bi ìyá rẹ̀ léèrè, ìyá rẹ̀ sì na ọrùn. "Sọ fún un pé kó wá jẹun nínú rẹ̀ bó bá fẹ́!" ni Màmá wí, inú sì bí i. Ta ni ọmọ yìí tó ń fi ìdọ̀tí lọ òun?

Wọ́n rán òṣìṣẹ́ kan wá. Ọ̀sán ló dé, kò sì bá nǹkan kan tó bàjẹ́. Ó wo wáyà, ó wo dikóódà, ó dé ẹ̀yìn ilé, ó ya ẹnu. "Màmá, ta ló ń nu àwo yìí tó ń dán tó báyìí?"

"Èmi ni," ni Màmá dáhùn, orí rẹ̀ sì wú. Òṣìṣẹ́ náà kí i kú iṣẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Màmá rò pé bóyá báàfù náà ni kò dúró dáadáa, tí ìrì fi ń ráyè wọlé. Ó fi okùn kún gèlè.

"Ọ̀sán ni wọ́n fi ń tàn wá," ni Alhájì ń wí fún àwọn aládùúgbò. "Alẹ́ ni wọ́n ń jalè."

Múfútáù káfíńtà, tó fẹ́ràn kó máa dá sí ohun tí kò yé e, mi orí. "Alhájì, àwòrán ọ̀run ò pọ̀ tó ni. Bó ṣe ń ṣe omi ẹ̀rọ náà ló ń ṣe é. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn ará ìlú ńlá á darí wálé, wọn á ṣí tiwọn, tiwa á wá máa kán tó, tó." Ọ̀rọ̀ náà dà bí òótọ́. Láti ìgbà náà ni Alhájì ti ń bínú sí gbogbo ará ìlú ńlá.

Ọjọ́ eré ìje pé. Ìrọ̀lẹ́ ni wọn yóò sá a. Alhájì ti pe gbogbo àdúgbò, wọ́n sì kún pálọ̀ fọ́fọ́, àwọn kan dúró lójú fèrèsé. Nítorí pé ọjọ́ ńlá ni, Màmá kò dúró kí oòrùn wọ̀ tán. Ó tètè dé àwo náà, ó ta kókó lé kókó, ó súre fún un. Ó ró ìró tó dára, ó sì wá jókòó síwájú pátápátá, níbi tí ojú rẹ̀ á ti lè gbà á.

Kò sí àmì.

Alhájì dìde, ó gbé fóònù sétí, ó ń rìn síwá sẹ́yìn. "Ẹ ṣí i! Mo ní kí ẹ ṣí i! Ọmọ mi fẹ́ sáré! Bí ẹ ò bá ṣí i, ilé ẹjọ́ ló kù. Mo máa pe ẹ̀yin lẹ́jọ́, màá sì pe nǹkan tó wà lójú ọ̀run yẹn náà lẹ́jọ́!"

Ọkàn Màmá bàjẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ tí òun gbé pọ̀n fẹ́ sáré lójú gbogbo ayé, ojú gbogbo ayé ni yóò sì rí i àfi ojú òun. Kò lè jókòó mọ́. Ó rọra bọ́ sẹ́yìn ilé láti lọ bẹ àwo náà.

"Àwo," ó wí, "kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́? Ṣé mi ò fọ̀ ọ́ ni? Ṣé mi ò dé ọ ni?" Ó rò ó pé bóyá àwòrán ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí kò fi rọ́nà jáde. Ó tú kókó, ó gbé báàfù kúrò láti yọjú wò.

Ariwo sọ nínú ilé. "Ó ti dé! Ó ti dé!"

"Alihamudulilai!" Màmá yára gbé báàfù padà kí àwòrán má baà fò lọ, ó sì gbá ìró mú, ó sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Áààà! Ó ti lọ!"

Ó sáré padà, ó gbé báàfù kúrò. "Ó dé! Wọ́n ti gbéra! Ẹ wò ó, Rìkáyátù ló ṣe ìkẹrin!" Ó dé e. "Ó ti lọ! Yéè!" Ó gbé e. "Ó dé! Ó ti di ìkẹta!" Báàfù dúró lókè lọ́wọ́ Màmá. Ó wo báàfù, ó wo àwo, ó wo ojú ọ̀run. Ó rọra tún un dé, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ gbígbóná wò. "Ó tún lọ! Ṣé ẹ̀mí àìmọ́ ló wà nínú nǹkan yìí ni?" Ó gbé e. "Ó dé! Ìkejì! Ìkejì ló wà báyìí!"

Màmá kò tún dé e mọ́. Ó yé e. Ó ju báàfù sínú ẹ̀fọ́ ẹ̀bùrẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì sá wọlé bí ẹni pé òun gan-an ló ń sá eré ìje náà.

Nígbà tó fi máa dé pálọ̀, gbogbo ènìyàn ti dìde, wọ́n ń fò, ẹ̀yìn wọn nìkan ló ń rí. Rìkáyátù ti ṣe ipò kejì. Eré ti parí. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó kì í ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n tún un fi hàn, ó ń lọ jẹ́jẹ́, wọ́n sì wá fa ojú ọmọ náà sún mọ́ tòsí. Àwọn ènìyàn yà fún Màmá. Ó rí i. Ó rí òógùn níwájú orí rẹ̀, ó rí eyín rẹ̀, ó rí bó ṣe ń mí gúlegúle.

"Ó ti rù," ni Màmá wí, ó sì bú sẹ́kún.

Àyà Alhájì yọ síta. "Ṣé ẹ rí i? Ìgbà tí mo dárúkọ ilé ẹjọ́ ni ẹ̀rù bà wọ́n! Wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń tì í, wọ́n rí i pé mi ò ṣeré!" Àwọn aládùúgbò kan sáárá sí i. Fóònù rẹ̀ dún. Ọmọbìnrin onísùúrù ni, ó fẹ́ béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Alhájì tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ gún ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ náà ń wí pé, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ má bínú. Àwa la jẹ̀bi."

Ẹnìkan kò rí Màmá lẹ́yìn ilé. Bó bá dákẹ́, ó ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n "àwa la jẹ̀bi" yẹn gún un lọ́kàn, nítorí pé kò fẹ́ràn kí ẹlòmíràn fọ àwo tí òun jẹ.

"Àjàgbé, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Èmi ni mo dé e."

"Ẹ dé kí ni, Màmá?"

"Àwo. Lálaalẹ́ ni mo ń fi báàfù dé e. Ta ló ní kí n tọ́jú rẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sí Màmá. Lẹ́yìn náà ni Múfútáù bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀, àwọn yòókù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Alhájì wo ìyá rẹ̀, ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ... ẹ má bínú o, àǹtí," ó wí sínú fóònù, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. "Àwo ni."

"Ṣé ìdọ̀tí ló wà lójú rẹ̀, sà?"

"Rárá o. Ìmọ́tótó ni."

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, títí di òní, bí àwọn àgbà Ìlágbẹ̀dẹ bá rí ẹni tó ń di ẹ̀bi ru ará ọ̀nà jíjìn láìtíì yẹ ẹ̀yìn ilé ara rẹ̀ wò, wọn a máa pa á lówe fún un pé: kí a tó pe ọ̀run lẹ́jọ́, ká kọ́kọ́ ṣí ìdérí àwo.