Ọ̀rọ̀ Kékeré Tí Ehoro Fi Gba Àká Ẹ̀pà

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fo ebè, ó fo odò, kò balẹ̀ níbì kankan àfi lórí Ehoro àti ọ̀rọ̀ kékeré kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ebi pa ọmọ ọlọ́mọ.

Ní ìgbà kan rí, gbogbo ẹranko ló ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Ẹtu ní èdè tirẹ̀. Ọ̀bọ ní tirẹ̀. Àparò ní tirẹ̀. Erin tó tóbi tó yẹn, èdè ìdílé rẹ̀ nìkan ló gbọ́. Ehoro nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé. Ó ti sùn lọ́dọ̀ gbogbo wọn, ó ti jẹun lọ́dọ̀ gbogbo wọn, ó sì gbọ́ èdè gbogbo wọn. Òun ni ògbufọ̀ wọn.

Lọ́dún kan, Ìyá Ẹtu, Ọ̀bọ àti Àparò para pọ̀ dáko ẹ̀pà. Ẹtu fi pátákò tú ilẹ̀, Ọ̀bọ gbìn ín, Àparò sì ń ṣa kòkòrò kúrò lára ewé. Ẹ̀pà yẹn yọmọ! Wọ́n kó o sínú àká alámọ̀ kan, wọ́n fi ilẹ̀kùn igi sí i. Ehoro ńkọ́? Kò fọwọ́ kan ebè kan. Abẹ́ igi ló ń sùn sí.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Koríko gbẹ, ewé rọ. Ìyá Ẹtu ní ọmọ jòjòló lọ́wọ́, ọmú rẹ̀ sì ti gbẹ. Wọ́n ní ó tó àkókò láti ṣí àká kí wọ́n pín in. Wọ́n ní Erin ni kó wá bá àwọn pín in, torí Erin kì í ṣe ojúsàájú. Ta ni wọ́n wá rán sí Erin? Ehoro náà ni!

Ehoro délé Erin, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ gbà mí o! Ẹ̀pà inú àká yẹn, èmi ni mo ni ín. Alágbàṣe mi ni Ẹtu, Ọ̀bọ àti Àparò. Wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi."

Erin na etí méjèèjì. "Èmi ò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu ìwọ nìkan gbọ́ o. Àwọn fúnra wọn ló máa sọ ọ́, etí mi yìí ni màá sì fi gbọ́."

"Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn, Bàbá."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níkùn Ehoro fún yín. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ́ *fú*. Ní èdè Erin, "tirẹ̀ ni" ni ìtumọ̀ *fú*. Ehoro mọ̀. Ó sì mọ ohun tí *fú* jẹ́ lẹ́nu àwọn yòókù.

Wọ́n péjọ síwájú àká. Oòrùn ń jó bí iná. Ehoro lọ bá Ìyá Ẹtu, ó fi èdè Ẹtu bá a sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì dùn bí oyin.

"Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Ètè ọmọ yìí mà ti gbẹ! Kí ni kí n wá fún un?"

"*Fú*," ni Ìyá Ẹtu wí. Omi nìyẹn ní èdè Ẹtu.

Erin rò pé Ehoro ti bi í léèrè ẹni tó ni àká, ó mi orí. "Mo gbọ́. Ó ní tìrẹ ni."

Ehoro yọ máńgòrò kan tó pọ́n, ó gbé e fún Ọ̀bọ.

"*Fú*!" ni Ọ̀bọ wí, ó ń tẹrí ba. Ẹ ṣeun nìyẹn ní èdè Ọ̀bọ.

Ehoro yíjú sí Àparò. "Ẹ̀yin olóhùn iyọ̀, ìgbà wo lẹ fẹ́ràn láti máa kọrin?"

"*Fú*," ni Àparò wí. Àárọ̀ nìyẹn.

Erin janlẹ̀ gbì! "Ó parí! Gbogbo wọn ló jẹ́rìí. Ehoro, ìwọ lo ni àká."

Ehoro wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi igi dábùú rẹ̀, ó tún wọ́ àpò ẹ̀pà tì í.

Háà! Ẹnu àwọn tó kù là sílẹ̀, kò lè pa dé. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ṣe. Omi ni ọ̀kan bèèrè, ọ̀kan dúpẹ́, ọ̀kan dárúkọ àárọ̀, oúnjẹ wọn sì lọ! Ọ̀bọ figbe ta, ó ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀kùn. Erin rò pé olè ni, ó fi ọwọ́jà gbé e, ó sọ ọ́ nù sínú igbó.

Ehoro jókòó sórí ẹ̀pà, ó ń jẹ, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Àká kún dẹ́nu o —
*Fú!*
Kò sí ẹni tí n ó fún —
*Fú!*
Èmi nìkan ni n ó jẹ ẹ́ —
*Fú!*

Ìyá Ẹtu kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sétí odò kan nítòsí àká, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Erin náà ti wà níbẹ̀, ó fẹ́ mumi. Ìyá Ẹtu ti ẹnu ọmọ rẹ̀ bọ odò.

"*Fú*," ló ń wí fún un jẹ́jẹ́. "*Fú*, ọmọ mi."

Erin dúró gbagidi. Kí ni obìnrin yìí wí? Ó fa omi sí ọwọ́jà, ó dà á sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń wò ó lójú.

Ìyá Ẹtu wo omi náà. "*Fú*," ló wí.

Erin fi ọwọ́jà lu orí ara rẹ̀. "Yéè! Omi? Omi ni obìnrin yìí ń bèèrè, mo wá gba oúnjẹ ọmọ rẹ̀, mo gbé e fún olè!"

Kò tíì pa ẹnu dé tí igbe fi ta láti inú àká.

Ẹ̀yin ọmọ, ta ló mọ̀ pé ìjàlọ náà ní èdè? Ehoro ò mọ̀. Wọ́n kéré lójú rẹ̀, kò sùn lọ́dọ̀ wọn rí. Ìjàlọ kì í jẹ ẹ̀pà. Ẹran ni wọ́n ń jẹ. Lẹ́nu wọn, *fú* ni "ẹran wà níbí, ẹ máa bọ̀"!

Bí Ehoro ti ń kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dé. Wọ́n gba inú ihò ògiri wọlé, dúdú bí omi aró. Wọ́n bo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n bo ikùn rẹ̀, wọ́n wọ etí rẹ̀. Ó sáré sídìí ilẹ̀kùn, àpò tó wọ́ tì í kò ṣe é gbé mọ́.

"Ẹ gbà mí! Wọ́n ń jẹ mí o!"

Ọ̀bọ, tó ti jáde padà látinú igbó, gbọ́, ó yíjú sẹ́yìn. Àparò ò mira. Erin pàápàá, tó ti sáré dé láti odò, dúró, ó ń wo ilẹ̀kùn náà bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyá Ẹtu ni ó sáré kọjá lára gbogbo wọn, tí ó ń fi orí ti ilẹ̀kùn, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ò tíì jẹun! Ìtìjú mú Erin. Ó fi èjìká gbá ilẹ̀kùn wọlé, Ehoro já jáde, ìjàlọ bò ó bí aṣọ, ó sì kó sódò gbàmù.

Ìjàlọ bá tiwọn lọ. Ẹ̀pà ò fi bẹ́ẹ̀ dín.

Erin kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ẹtu. Erin o! Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì ní èdè rẹ̀, kò sì pe ògbufọ̀. Ó kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń fi ọwọ́jà ti ẹ̀pà síwájú rẹ̀, títí Ìyá Ẹtu fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Láti ọjọ́ náà ni Ehoro ti yadi. Ẹ lọ bá a nínú pápá, ẹ kí i, kò ní dáhùn. Ẹ̀rù ń bà á, kò mọ ẹni tó ń gbọ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ má fi ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹnìkan dá a lẹ́jọ́, láìbi í léèrè ohun tó ní lọ́kàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì gbọ́ èdè ju ẹgbẹ́ yín lọ, ẹ fi ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ má fi rẹ́ wọn jẹ. Ibi tí mo gbé e dé nìyí. Ẹ gbé ọmọ tó ti sùn wọlé.