Àlàbọrùn Àwẹ̀ró

Àwọn àgbà ní, bí eré bí eré, àlàbọrùn ń dẹ̀wù. Ẹni tó bá rò ó dáadáa yóò béèrè pé, báwo? Àlàbọrùn ò lọ́rùn, kò lápá. Èjìká lásán ni obìnrin ń gbé e lé. Kí ló wá sọ ọ́ di ẹ̀wù? Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó bí mi rèé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ wo eré ìgbàlódé nílùú ńlá, níbi tí kò sí pèpéle, tí òǹwòran ń bá òṣèré wọ yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ẹ má rò pé òní ló bẹ̀rẹ̀. Òjéwùmí, ọ̀gá òṣèré kan, ti ṣe é rí ní Òkè-Àpárì. Ó gba agbo ilé àtijọ́ kan tó ti dahoro, ó ní kí àwọn òǹwòran wọlé, kí wọ́n dúró láàárín àwọn òṣèré. Eré náà kò lọ́jú pọ̀: Balógun kan ń jẹun, ó kú, ìyàwó rẹ̀ fi àlàbọrùn dúdú bo èjìká, ó ń ṣọ̀fọ̀, àwọn òǹwòran ni mọ̀lẹ́bí òkú tí yóò dá ẹjọ́ opó. Òjéwùmí fúnra rẹ̀ ni Balógun. Àwẹ̀ró, aya tó fẹ́ sílé, ni opó.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú ń ti àwọn èèyàn. Wọ́n kàn ń wo ara wọn, àfi ìgbà tí obìnrin aláró kan, Ìyá Dúródọlá, nawọ́ sí Àwẹ̀ró: "Ìwọ lo pa á!" Ẹ̀rín sọ. Ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn yòókù sì gbè é. Nígbà tí Òjéwùmí dìde nílẹ̀, tó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ ọjà ni agbo ilé náà ń kún. Òjéwùmí ń fi kún un. Ó ní kí wọ́n máa di opó mú, kí wọ́n máa já gèlè rẹ̀, kí wọ́n máa tì í dé ẹnu ọ̀nà. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n ń ṣe é.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

"Olówó orí mi, ẹ jẹ́ ká yí ìparí eré yìí padà. Aláta ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igbá òun mọ́. Apọkọjẹ làwọn ọmọdé ń pè mí lójú pópó."

"Wọ́n mọ̀ pé eré ni."

"Ẹ̀yin lẹ máa ń dìde bí ẹ bá kú tán, tí wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún yín. Èmi ńkọ́? Ẹnìkan ò dá mi láre rí."

Òjéwùmí rẹ́rìn-ín. "Bí wọ́n bá ń bú ọ, á jẹ́ pé o mọ iṣẹ́ rẹ nìyẹn."

Lọ́jọ́ ọjà kẹsàn-án, oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu Òjéwùmí nígbà tó fọwọ́ gbá àyà mú. Àkókò ikú Balógun kò tíì tó. Ó sì máa ń rọra ṣubú, á kọjú sókè. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dojú bolẹ̀ lé àwo ọbẹ̀, àwo fọ́ mọ́ ọn níwájú orí. Àwẹ̀ró mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Kì í ṣe eré! Ẹ jẹ́ n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Wọ́n ní kò tíì ṣe é dáadáa tó báyìí rí. Bó ti ń sáré lọ bá ọkọ rẹ̀ tòun ti àlàbọrùn tó ti gbé kọ́ èjìká de ọ̀fọ̀ eré, wọ́n dì í mú bí eré ti kọ́ wọn. Wọ́n já gèlè rẹ̀. Ó ń jà, bùbá rẹ̀ ya dé ìdí. Ó ń ki ọkọ rẹ̀ ní oríkì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Fápohùndà, ẹni tó dàgbà jù láàárín àwọn òṣèré, ló yí Òjéwùmí padà. Ó gbé etí lé e láyà, ó sì bú sẹ́kún.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Dúródọlá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ga.

"Ṣé ẹ rí i? Ó ti pa á."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Wọ́n wọ́ ọ dé iwájú Baálẹ̀. Baálẹ̀ bi wọ́n pé ta ló rí i tó fi nǹkan sóúnjẹ. Kò sẹ́ni tó rí i.

"Kí lẹ wá rí?"

"Bàbá, gbogbo ìlú ló mọ̀ pé òun ló ń pa á. Ó ti pẹ́ tá a ti ń gbọ́ ọ."

"Lẹ́nu ta lẹ ti gbọ́ ọ?"

Ẹnu ara wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Baálẹ̀ mọ̀ pé obìnrin náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo èrò tó kún ìta, ó rí òkúta lọ́wọ́ àwọn kan, ẹ̀rù bà á. Ó ní kí Àwẹ̀ró fi ìlú sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Wọn kò jẹ́ kó bá wọn sin ọkọ rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kó wọlé kó aṣọ. Ó mú àlàbọrùn eré kúrò léjìká, ó fi bo àyà, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ọrùn, ó sì lọ.

Ọdún méjì kọjá kí Fápohùndà tó wá a kàn lábà kan, níbi tó ti ń bá wọn pa ẹ̀kùrọ́. Ó di ẹrù aṣọ rẹ̀ dání.

"Àwẹ̀ró, mo kó aṣọ rẹ wá."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ fún ẹlòmíràn." Àlàbọrùn dúdú náà ló wà lára rẹ̀. Ó ti gé ojú ọrùn sí i, ó ti rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀. "Èyí ti mọ́ mi lára."

Nígbà tí Fápohùndà padà délé, Ìyá Dúródọlá wá bá a, ó rí i pé ó gbé ẹrù aṣọ náà padà, ó sì béèrè ohun tí obìnrin náà wá ń wọ̀. Fápohùndà sọ ohun tó rí fún un. Ìyá Dúródọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bàbá, eré mà ni mo fi bẹ̀rẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Fápohùndà wí. "Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń dẹ̀wù."